ÀJỌṢEPỌ̀ LÁÀRIN AṢÈWÁDÌÍ ÀTI ILÉ-Ẹ̀KỌ́: ÀGBÉYẸ̀WÒ ERÉ ÌWÀ RERE NÍ BALTIMORE

1.0 Ìfáárà

Ọ̀rọ̀ ìwà ọmọ nínú kíláàsì ti pẹ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ pé bí ariwo bá ti gba kíláàsì, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn. Láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni àwọn aṣèwádìí ti ń gbé oríṣiríṣi ètò kalẹ̀ láti ran olùkọ́ lọ́wọ́ lórí èyí. Púpọ̀ nínú àwọn ètò náà ló yọrí sí rere lójú ẹni tó gbé wọn wá, ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá ti di ẹrù rẹ̀, tó kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ètò náà a bá a lọ. Olùkọ́ a padà sí ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ a padà sí ariwo wọn, ìwé tí aṣèwádìí kọ a sì máa wí pé ètò náà dára.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò ni èyí: kí ni ó ń jẹ́ kí irú ètò bẹ́ẹ̀ dúró, kí sì ni ó ń jẹ́ kí ó wó? Èrò tí àpilẹ̀kọ náà yóò fi ẹ̀rí gbè lẹ́sẹ̀ ni pé agbára ètò ìwà kò sí nínú ètò náà nìkan. Apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ wà nínú àdéhùn tó wà láàrin aṣèwádìí àti àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́, àti nínú bí àdéhùn náà ṣe ń bá a lọ lẹ́yìn ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i. Àpẹẹrẹ tí àpilẹ̀kọ yìí mú ni iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1985. Ìdí tí wọ́n fi yẹ ní yíyàn ni pé àwọn aṣèwádìí náà kò fi àwọn ọmọ sílẹ̀ nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí. Wọ́n tọ̀ wọ́n lẹ́yìn títí wọ́n fi di àgbà.

2.0 Ìyàtọ̀ láàrin ìyọ̀ǹda àti àjọṣepọ̀

Ó yẹ kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì hàn kedere kí ìjíròrò tó tẹ̀ síwájú, nítorí pé àwọn ènìyàn sábà máa ń fi ọ̀kan pe èkejì.

Ìyọ̀ǹda ni kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ aṣèwádìí, kí ó kà á, kí ó sì ní kí ó wọlé. Aṣèwádìí ló mọ ohun tó ń wá. Olùkọ́ ń wò ó. Nígbà tí aṣèwádìí bá rí ohun tó ń wá, ó ti parí.

Àjọṣepọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú àjọṣepọ̀, apá méjèèjì ló mú nǹkan wá, apá méjèèjì ló ní ẹnu nínú ìbéèrè tí wọ́n fẹ́ dáhùn, apá méjèèjì ló sì máa gbé nǹkan lọ sílé. Aṣèwádìí mú ọ̀nà ìwọ̀n àti ìfiwéra wá. Olùkọ́ mú ìmọ̀ kíláàsì wá: ó mọ ọmọ tí ebi ń pa, ó mọ àwọn méjì tí kò gbọdọ̀ jókòó pọ̀, ó mọ wákàtí tí ojú ọmọ máa ń wúwo. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Bí aṣèwádìí kò bá bi ẹni tó wọ bàtà léèrè, ibi tí kò dun ẹnikẹ́ni ni yóò máa fi oògùn pa.

3.0 Eré Ìwà Rere: orísun rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ètò tí wọ́n lò ní Baltimore ni eré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Good Behavior Game. Eré Ìwà Rere ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Ìpínlẹ̀ Kansas ni eré náà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1969 ni Harriet Barrish, Muriel Saunders àti Montrose Wolf kọ ìròyìn nípa rẹ̀ jáde. Ohun pàtàkì kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà rántí nípa ìròyìn náà: Saunders, tí orúkọ rẹ̀ wà láàrin, ni olùkọ́ kíláàsì tí wọ́n ti ṣe ìwádìí náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọwọ́ olùkọ́ ti wà nínú eré yìí.

Ọmọ 24 ló wà nínú kíláàsì kẹrin náà. Olùkọ́ ti fi ẹjọ́ méje nínú wọn sun ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ariwo, ìrìnkèrindò àti àìgbọ́ràn. Wọ́n pín kíláàsì sí ẹgbẹ́ méjì. Bí ọmọ kan bá dìde láìgba àṣẹ tàbí tó sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ, olùkọ́ a fa àmì kan sí abẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pátákó. Ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ kéré jù ló gba ipò kìn-ín-ní. Bí àmì ẹgbẹ́ méjèèjì kò bá ju márùn-ún lọ, àwọn méjèèjì ló yege. Ẹ̀bùn wọn kò ná olùkọ́ lówó: kí wọ́n kọ́kọ́ tò síwájú láti lọ jẹun ọ̀sán, kí wọ́n ní àkókò òmìnira díẹ̀ ní ìparí ọjọ́.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ eré náà, tí wọ́n bá pín àkókò ẹ̀kọ́ ìṣirò sí wẹ́wẹ́, nínú nǹkan bí 96 nínú 100 ni ẹnì kan ti ń sọ̀rọ̀ láìgba àṣẹ, nínú 82 ni ẹnì kan ti dìde. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, wọ́n bọ́ sí 19 àti 9. Nígbà tí wọ́n dá eré dúró nínú ìṣirò, tí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀kọ́ ìwé kíkà, ariwo padà sí ìṣirò, ó sì kúrò nínú ìwé kíkà. Báyìí ni wọ́n ṣe fi hàn pé eré náà ló fa ìyípadà, kì í ṣe pé àwọn ọmọ kàn ṣe bẹ́ẹ̀ gbọ́n sí i.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó yẹ fún àkíyèsí. Ọmọ méjì wà nínú ẹgbẹ́ kan tí àmì wọn ń pọ̀ ṣáá, ọ̀kan nínú wọn sì kéde gbangba pé òun kò ṣe mọ́. Àwọn ọmọ yòókù ní kò tọ́ kí àwọn jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn. Olùkọ́ yọ àwọn méjèèjì kúrò, ó sọ wọ́n di ẹgbẹ́ tiwọn lọ́tọ̀. Kò sí ìwé tó kọ́ olùkọ́ ní irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n ẹni tó ń bá àwọn ọmọ gbé lójoojúmọ́ ni, òun ni kò sì jẹ́ kí eré náà túká.

4.0 Ohun tó ṣáájú Baltimore: Woodlawn

Iṣẹ́ Baltimore kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Sheppard Kellam, dókítà àrùn ọpọlọ, tó jẹ́ olórí rẹ̀, ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní Woodlawn láti ìdajì àkọ́kọ́ àwọn ọdún 1960. Woodlawn jẹ́ àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní gúúsù ìlú Chicago, lẹ́bàá Yunifásítì Chicago. Ní àsìkò náà, àwọn ará àdúgbò ti ń bá yunifásítì jà lórí ilẹ̀, nítorí pé yunifásítì fẹ́ fẹ̀ wọ inú àdúgbò wọn. Ẹni tí irú ilé-ẹ̀kọ́ gíga bẹ́ẹ̀ bá rán wá pé òun fẹ́ yẹ ọmọ wọn wò, kò lè retí pé kí wọ́n tẹ́ ẹní fún òun.

Ohun tí Kellam àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ni pé wọ́n bá àwọn aṣáájú àdúgbò jókòó, ìgbìmọ̀ kan sì fìdí múlẹ̀ láti inú àdúgbò náà tí ó ní àṣẹ lórí iṣẹ́ náà. Inú ìjíròrò yìí ni wọ́n ti fẹnu kò pé orí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní ni kí wọ́n kọjú iṣẹ́ sí. Ilé-ẹ̀kọ́ méjìlá tó wà ní Woodlawn ni iṣẹ́ náà kárí: mẹ́sàn-án jẹ́ ti ìjọba, mẹ́ta jẹ́ ti ìjọ. Àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ọdún 1966 sí 1967 tí wọ́n tọ̀ lẹ́yìn jẹ́ 1,242.

Nígbà tí wọ́n tún wá àwọn ọmọ náà kàn ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin tí olùkọ́ ti ní wọ́n jẹ́ oníjàgídíjàgan ní kíláàsì kìn-ín-ní ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n máa lo oògùn olóró. Èyí ni ó gbé ìbéèrè Baltimore dìde: bí ìwà ọmọ ọdún mẹ́fà bá ń sọ ohun tí yóò dà lọ́jọ́ iwájú, ǹjẹ́ bí a bá tún ìwà náà ṣe, ọjọ́ iwájú rẹ̀ yóò yí padà bí? Ohun tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kíláàsì nìkan mọ́. Ayé ọmọ ni.

5.0 Àjọṣepọ̀ ní Baltimore

5.1 Àdéhùn

Ní ọdún 1982 ni Kellam dé Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore. Alice Pinderhughes ni ọ̀gá àgbà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú náà nígbà náà. Àjọṣepọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàrin yunifásítì àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìlú, àwọn ọmọ àkọ́kọ́ sì wọ inú iṣẹ́ náà ní ọdún ẹ̀kọ́ 1985 sí 1986. Ilé-ẹ̀kọ́ 19 ni, ní àdúgbò márùn-ún tí púpọ̀ nínú àwọn ará ibẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí ọwọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́nu. Kíláàsì kìn-ín-ní tó wà nínú wọn jẹ́ 41.

Ètò méjì ni wọ́n gbé wọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọ̀kan ni Eré Ìwà Rere. Èkejì ni ètò ìkọ́ni kan tí yóò mú kí ọmọ mọ ìwé kà dáadáa. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ìwé kíkà ni òbí fi ń bi olùkọ́ léèrè, òun náà ni ìjọba fi ń bi ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ léèrè. Aṣèwádìí tó bá wá nítorí ìwà nìkan, tí kò bìkítà fún ìwé kíkà, ìṣòro ti ara rẹ̀ ló gbé wá, kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́.

Ibi tó le jù nínú àdéhùn ni ọ̀rọ̀ ìfiwéra. Láti mọ̀ bóyá eré náà ṣiṣẹ́, àwọn kíláàsì kan gbọ́dọ̀ ṣe é, àwọn mìíràn kò gbọdọ̀ ṣe é. Wọ́n fi àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó jọra ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan sí ìsọ̀rí kan, wọ́n sì ṣẹ́ gègé lórí wọn: gègé ló sọ ilé-ẹ̀kọ́ tí yóò gba eré, èyí tí yóò gba ètò ìwé kíkà, àti èyí tí yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bó ti wà. Nínú ilé-ẹ̀kọ́ tó gba ètò, wọ́n kọ́kọ́ pín àwọn ọmọ kí kíláàsì kan má baà ní oníwàhálà ju èkejì lọ. Lẹ́yìn náà ni gègé sọ kíláàsì àti olùkọ́ tí yóò lo ètò náà. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó bá gbà kí gègé yan olùkọ́ fún kíláàsì rẹ̀ ti fi ohun tó wà lábẹ́ àṣẹ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀ fún àlejò tí kò gbẹ́kẹ̀ lé.

5.2 Ipò olùkọ́

Olùkọ́ tí gègé mú gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ogójì wákàtí. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó kọ́ ọ kò padà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń wá sí kíláàsì rẹ̀ jálẹ̀ ọdún, wọ́n ń wo bó ṣe ń ṣe é, wọ́n sì ń bá a ronú lórí ibi tó bá ti le.

Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe eré náà yóò rí i pé irú àtìlẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni wọ́n pín kíláàsì sí, ọmọ jẹ́jẹ́ àti ọmọ alágídí pọ̀ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹgbẹ́ tí àmì rẹ̀ kò bá ju mẹ́rin lọ ló gba ẹ̀bùn, gbogbo ẹgbẹ́ ló sì lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni àkókò náà ń gùn sí i. Ẹ̀bùn tí ọmọ lè fọwọ́ kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ di ìyìn àti àǹfààní lẹ́yìn náà. Èyí tí wọ́n ń fún un lójú ẹsẹ̀ di èyí tó ń pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó yá, olùkọ́ kò kéde mọ́ pé eré ti bẹ̀rẹ̀. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni. Ète gbogbo èyí ni pé kí ìwà rere kúrò nínú eré, kó di àṣà.

Olùkọ́ kan náà ló ń kọ́ni, ló ń ṣọ́ ìwà, ló ń fa àmì, ló tún gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tó yẹ kí àkókò eré gùn sí i. Bí ó bá yá jù, àwọn ọmọ yóò kùnà, eré yóò sú wọn. Bí ó bá pẹ́ jù, eré yóò wà ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá títí ọdún fi parí. Irú ìdájọ́ yìí kò ṣeé kọ sínú ìwé kékeré kan kí a sì fi lé olùkọ́ lọ́wọ́.

5.3 Èsì

Nígbà tí àwọn ọmọ náà pé ọdún 19 sí 21, àwọn aṣèwádìí tún wá wọn lọ. Láàrin àwọn ọkùnrin, bí 19 nínú 100 nínú àwọn tó ti ṣe eré náà ni oògùn olóró ti di àrùn sí lára. Láàrin àwọn tí kò ṣe é, 38 ni. Ìyàtọ̀ náà tún hàn nínú sìgá mímu lójoojúmọ́, nínú ọtí àmujù, àti nínú ìwà àìka òfin àti ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sí. Àwọn tó jàǹfààní jù ni àwọn ọkùnrin tí ìjàgídíjàgan wọn pọ̀ jù ní kíláàsì kìn-ín-ní. Àwọn ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ sọ̀rètí nù lórí wọn ni eré náà ṣe lóore jù lọ.

6.0 Nígbà tí àtìlẹ́yìn dín kù

Ẹ̀rí tó lágbára jù fún èrò àpilẹ̀kọ yìí wà nínú ọdún kejì. Ní ọdún ẹ̀kọ́ 1986 sí 1987, àwọn ọmọ mìíràn wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Olùkọ́ kan náà ni. Eré kan náà ni. Ohun tó yí padà ni pé ìbẹ̀wò àti ìtọ́sọ́nà tí àwọn olùkọ́ ń rí gbà dín kù. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí náà dàgbà, èsì lórí oògùn olóró ṣì hàn láàrin àwọn ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dọ́gba láti ibì kan sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ nǹkan yòókù, èsì náà kéré sí ti ọdún àkọ́kọ́. Lóòótọ́, ọmọ ọdún kan lè yàtọ̀ sí ọmọ ọdún kejì, nítorí náà kò tọ́ láti di gbogbo ìyàtọ̀ náà ru ìdí kan ṣoṣo. Síbẹ̀, olùkọ́ tó gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní kó má nílò ẹni tí yóò bá a ronú lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àpẹẹrẹ mìíràn wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàrin ọdún 2015 sí 2017, àwọn aṣèwádìí láti Yunifásítì Manchester dán eré náà wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 77. Èsì tó jáde ní 2018 fi hàn pé, ní àpapọ̀, eré náà kò fi nǹkan kún ìwé kíkà àwọn ọmọ, kò sì tún ìwà wọn ṣe ju ti àwọn tí kò ṣe é lọ. Nígbà tí wọ́n yẹ ìmúlò rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé àwọn olùkọ́ kò ṣe eré náà tó bí ètò ṣe sọ, àti pé bí ìdámẹ́rin àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó gba eré náà ti dá a dúró kí ìwádìí tó parí. Èyí kò fi hàn pé irọ́ ni èsì Baltimore. Ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ kan kò rí bí ti òmíràn. Ohun tó fi hàn ni pé eré tó dúró níbì kan kò ní ti ara rẹ̀ dúró níbòmíràn bí àwọn tí yóò ṣe é kò bá rí àyè fún un nínú iṣẹ́ ọjọ́ wọn.

7.0 Ìrírí tó sún mọ́ ilé

Àjọṣepọ̀ láàrin yunifásítì àti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, Yunifásítì Ifẹ̀, tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Èdè ni ìwádìí náà dá lé, kì í ṣe ìwà: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, olùkọ́ àkànṣe kan sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún kókó yìí kò fara sin. Yunifásítì kò kàn pàṣẹ pé kí olùkọ́ fi Yorùbá kọ́ni kí ó sì padà wá ṣe ìdánwò fún àwọn ọmọ. Wọ́n kọ ìwé fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì bá kíláàsì náà rìn láti ọdún dé ọdún. Aṣèwádìí ìwà tó bá fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ ní agbègbè yìí ní àwòkọ́ṣe nítòsí.

8.0 Àwọn ìlànà tó jáde

Láti inú gbogbo èyí, ìlànà mẹ́rin ló hàn.

(i) Kí ìbéèrè wá láti apá méjèèjì. Bí Woodlawn ṣe yan kíláàsì kìn-ín-ní, tí Baltimore sì fi ìwé kíkà kún ìwà, kí aṣèwádìí gbọ́ ohun tó ń dun ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó sọ tirẹ̀.

(ii) Kí àdéhùn lórí ìfiwéra ṣe kedere. Kí gbogbo olùkọ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ṣẹ́ gègé, kí wọ́n sì mọ ohun tí kíláàsì àfiwé yóò rí gbà nígbẹ̀yìn. Ẹni tí gègé kò mú kò gbọdọ̀ rò pé wọ́n kórìíra òun ni.

(iii) Kí ìbẹ̀wò má jọ ti alábẹ̀wò ìjọba. Bí olùkọ́ bá fura pé àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nípa kíláàsì rẹ̀ yóò dé ọwọ́ ẹni tó lè fi du òun ní ìgbéga, ọjọ́ ìbẹ̀wò nìkan ni yóò máa ṣe eré. Ó yẹ kí wọ́n ti fẹnu kò ṣáájú lórí ẹni tí yóò rí àkọsílẹ̀ náà.

(iv) Kí owó àti àkókò fún ọdún kejì wà nínú ètò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ló máa ń ná gbogbo owó rẹ̀ sórí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ àti ìdánwò ìkẹyìn. Àárín àwọn méjèèjì ni iṣẹ́ wà.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé Eré Ìwà Rere, bó ti rọrùn tó, kò ṣeé yà kúrò lára àwọn ènìyàn tó gbé e ró. Olùkọ́ wà nínú rẹ̀ láti Kansas; àdúgbò la ọ̀nà fún un ní Woodlawn; ilé-ẹ̀kọ́ àti yunifásítì jọ gbé e ní Baltimore. Níbi tí àtìlẹ́yìn ti dín kù, èsì rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀. Níbi tí olùkọ́ kò ti rí àyè fún un, ó dúró lójú ọ̀nà.

Fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra àtilọ ṣe ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́, kókó kan ló kù. Ìwé oyè ní ọjọ́ tí yóò parí, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà tó wà nínú ìwádìí náà ṣì ní gbogbo ayé rẹ̀ níwájú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òun ṣe ọmọ náà lóore gbọ́dọ̀ bá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn tí yóò gùn ju ìwé oyè lọ.